Èsì: Ṣé torí òṣèlú nìkan ni wọ́n ṣe gbé olú-ìlú kúrò l'Ékòó?
Rárá o ẹ̀gbọ́n, òṣèlú wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ààyè gan-an ni wàhálà yẹn. Òyìnbó ti kọ́ Ìkòyí fún ara wọn, Ìsàlẹ̀ Èkó sì ń fún pọ̀, a wá gbòmìnira ní 1960 gbogbo ayé rọ́ wọ̀lú, omi ló sì yí erékùṣù ká, ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ́fíìsì sí? 1975 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà kalẹ̀ láti wo ọ̀rọ̀ olú-ìlú, òfin tó sọ Àbújá di olú-ìlú tuntun jáde ní 1976, Kenzo Tange, ayàwòrán-ilé ará Jàpáànù, ló ya àwòrán àárín ìlú náà, síbẹ̀ ó di December 1991 kí ìjọba tó kó lọ. Tèmi o, àwọn ẹ̀yà Gbagyi tó nilẹ̀ Àbújá ló ń ṣe mí láàánú jù, wọ́n kó àwọn kan kúrò, àwọn kan ṣì wà níbẹ̀.