Ṣé pákó apá dára fún férémù ilẹ̀kùn ìta ní Adó-Èkìtì?

Ó dára púpọ̀, bí ó bá jẹ́ àárín igi gan-an ni wọ́n là fún yín. Igi apá, tí a tún fi ń gbẹ́ odó, wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí mítà kúbíìkì kan pákó rẹ̀ tó gbẹ máa ń wọn nǹkan bíi 800 kìlógíráàmù. Ikán kì í ráyè jẹ ẹ́, kì í sì í wú tàbí súnkì púpọ̀ bí òjò bá ń rọ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì tún dé, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ gẹdú lọ fún ibi tí oòrùn ti ń pa igi.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ojú pákó náà: ibi tó pọ́n ni ẹ ń wá, nítorí pé kòkòrò máa ń lu ibi funfun tó sún mọ́ èèpo di ìyẹ̀fun. Ó le débi pé ó máa ń mú kí ayùn kú, nítorí náà kí káfíńtà kọ́kọ́ lu ihò kí ó tó kan ìṣó, kí ó sì bo imú, torí pé eruku rẹ̀ ń ta ni. Bí pákó náà bá rin, ó lè yọ omi aláwọ̀ ìyeyè tí ń ba aṣọ jẹ́.

Igi apá ti ń ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2022 ni àdéhùn CITES (èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè run) fi ti ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ àmójútó òwò àgbáyé.