Ère Idẹ Àwọn Híńdù: Ohun Tí Ọwọ́ Wọn Ń Wí àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Leicester. Ìyá àgbàlagbà kan, ará Íńdíà, tí a jọ gbé àdúgbò kan náà fún ọdún mọ́kànlá, kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, wọ́n sì fún mi ní ère idẹ méjì. Ọ̀kan ní orí erin. Èkejì ní apá mẹ́rin, ó ń jó nínú òrùka iná. Méjèèjì ti dúdú, àwọ̀ ewé sì ti ń hù ní kọ̀rọ̀ ara wọn. Ohun pupa kan tún wà níwájú orí elérin. Kí ni ìtumọ̀ àwọn nǹkan tí wọ́n mú lọ́wọ́? Ṣé mo lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n bí ìyá mi àgbà ṣe ń fọ idẹ tiwọn ní Òṣogbo? N kò fẹ́ ṣe ohun tí yóò dun ìyá yìí bí wọ́n bá gbọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó, arábìnrin wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn wọ́n. Iṣẹ́ ìtọ́jú ohun ọ̀nà onídẹ ni mo ń ṣe, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ère tí wọ́n ń gbé wá fún mi ni ó sì jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó bà wọ́n jẹ́, ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n máa dán ni. Ìka ọwọ́, ìpéǹpéjú àti ìlà wínníwínní ara aṣọ ni irú ère yìí fi ń sọ̀rọ̀, àwọn ibẹ̀ gan-an náà ni fífọ̀ léraléra sì ń kọ́kọ́ jẹ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí ó wà lára wọn ná, kí a tó sọ̀rọ̀ omi àti aṣọ ìnuǹkan.

Elérin nì ni Ganesha, ọmọ òrìṣà Shiva àti Parvati ìyàwó rẹ̀. Òun ni àwọn Híńdù máa ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó dáwọ́ lé ìgbéyàwó, ìrìn-àjò tàbí ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, nítorí òun ni ó ń mú ìdíwọ́ kúrò lọ́nà. Ẹ ó rí okùn ojóbó lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọ̀pá oníkọ́ tí àwọn adarí erin ń lò, ẹ ó rí oúnjẹ adùn róbótó kan tí wọ́n ń pè ní modak, ẹ ó sì rí àtẹ́lẹwọ́ kan tí ó kọjú síwájú, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí a má bẹ̀rù. Eku kékeré tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ó ń gùn. Ẹ wo eyín rẹ̀ méjèèjì dáadáa: ọ̀kan gùn, èkejì kán. Ìtàn kan sọ pé nígbà tí Vyasa, amòye àtijọ́ kan, ń ka Mahabharata, ewì ìtàn gígùn àwọn Híńdù, fún un kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀, gègé rẹ̀ bàjẹ́, ó sì ṣẹ́ eyín ara rẹ̀ fi kọ̀wé kí iṣẹ́ náà má baà dúró. Mo sọ èyí nítorí pé ẹnì kan ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí pé kí n bá òun jó eyín tí ó kán náà pọ̀.

Èkejì ni Shiva gẹ́gẹ́ bí Nataraja, olúwa ijó. Àkókò àwọn ọba Chola, tí wọ́n jọba ní gúúsù Íńdíà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni àwòrán rẹ̀ yìí gbilẹ̀, ilé ìsìn Chidambaram ní Tamil Nadu sì ni ibi tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ jù lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ti òkè mú ìlù kékeré olójú méjì tí wọ́n ń pè ní damaru. Ìró ìlù yìí ni wọ́n gbà pé ìṣẹ̀dá fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ti òkè gbé iná tí yóò jó ayé run kí òmíràn lè dé. Ọwọ́ ọ̀tún ti ìsàlẹ̀ ní kí a má bẹ̀rù, bíi ti Ganesha. Ọwọ́ òsì ti ìsàlẹ̀ rọ̀ kọjá níwájú àyà bí ọwọ́jà erin, ìka rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ òsì tí ó gbé sókè, níbi tí olùfọkànsìn ti ń rí ààbò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún: aràrá kan wà níbẹ̀, Apasmara ni orúkọ rẹ̀, àìmọ̀kan ni ó sì dúró fún. Shiva kò pa á. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Nínú irun tí ó fẹ́ káàkiri nítorí ijó, bí iṣẹ́ ère yín bá dára, ẹ ó rí oṣù lílé àti obìnrin kékeré kan, odò Ganga ni obìnrin náà. Bí ẹnì kan bá fi ìyẹ̀fun ìfọdẹ ra obìnrin yìí lọ́dọọdún, láàárín ogún ọdún yóò di kókó lásán tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ohun tí ó jẹ́.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe rọ wọ́n, torí ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Ní Swamimalai, nítòsí Kumbakonam ní Tamil Nadu, àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ń pè ní sthapati máa ń ṣẹ́ ewé àgbọn po láti fi wọn ìpín ara ère náà. Wọ́n á fi ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ oje igi àti òróró ẹ̀pà mọ ọ́n tán, títí kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Wọ́n á fi amọ̀ kíkúnná tí odò Kaveri gbé wá lẹ́ ẹ, wọ́n á fi amọ̀ tí ó nípọn bò ó, wọ́n á yá a níná títí ìda yóò fi yọ́ jáde, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn baba wa gbà rọ àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Nítorí pé fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ amọ̀ náà, ère méjì kì í jọra délẹ̀délẹ̀; ìlà tí ẹ bá sì rí lára rẹ̀, ẹnì kan ni ó jókòó fi irinṣẹ́ fín in, tí ó la ojú rẹ̀ kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ní Moradabad, ní Uttar Pradesh níhà àríwá, iyanrìn ni wọ́n sábà fi ń ṣe àyè tí wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí, wọ́n sì máa ń kun ọ̀pọ̀ nínú wọn ní fáníìṣì kí wọ́n tó kó wọn lọ sókè òkun. Ẹ dojú ère yín dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí awọ kan tí ó ń bó bí èékánná tí a kùn, fáníìṣì ni, ohunkóhun tí ẹ bá sì fi ra á yóò sọ ọ́ di alábàwọ́n.

Ó wá kan ọsàn wẹ́wẹ́. Ìyá àgbà yín kò ṣàṣìṣe. Àwa ọmọ Òṣogbo mọ ẹni tí à ń kì ní a-wẹdẹ-kó-tó-wẹmọ, àwọn Híńdù náà sì máa ń fi èso àjàgbọn, tí àwọn Hausa ń pè ní tsamiya, fọ idẹ ojúbọ wọn títí yóò fi tàn bí oòrùn, nítorí pé fífọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ìsìn wọn. Ṣùgbọ́n idẹ jẹ́ àpòpọ̀ bàbà àti síǹkì. Omi kíkan ń bó dúdú ara rẹ̀, ó sì ń bó idẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà mìíràn yóò kó síǹkì lọ, yóò wá ku àbàwọ́n pupa bàbà tí kò ṣeé nù. Èyí tí ó bá wọ kọ̀rọ̀ tí ẹ kò ṣàn án tán ni yóò padà yọ ní àwọ̀ ewé. Eérú ní tirẹ̀ ń ha ni. Bí ẹ bá fi iyọ̀ kún un bí àwọn kan ṣe ń ṣe, ẹ ti dá kún wàhálà.

Ohun tí màá ṣe bí ó bá jẹ́ tèmi nìyí. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tí irun rẹ̀ rọ̀ gbọn eruku kúrò, láti òkè wá sísàlẹ̀. Màá kán ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, màá ti òwú bọ̀ ọ́, màá fún un gbẹ dáadáa kí n tó nu ère náà, ìwọ̀nba ibi tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Omi tí kò lọ́ṣẹ ni màá fi tún un nù, màá sì fi aṣọ rírọ̀ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. N kò ní rì í sínú omi, nítorí pé inú àwọn mìíràn ṣófo, amọ̀ tí wọ́n fi rọ wọ́n sì lè wà nínú wọn síbẹ̀. Bí ó bá gbẹ tán, ìda tí wọ́n yọ láti ara epo rọ̀bì, tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò, ni kí ẹ fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ dán an. Òróró àgbọn kò dára fún un. Eruku ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Dúdú ara wọn kì í ṣe ìdọ̀tí, ó ń dáàbò bo idẹ abẹ́ rẹ̀ ni. Àwọ̀ ewé ni kí ẹ ṣọ́. Èyí tí ó le, tí ó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ́ rúsúrúsú, tí ó ń bù bí ìyẹ̀fun, tí ẹ nù ún lónìí tí ó sì tún yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iyọ̀ ti wọnú idẹ náà. Ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ, kí ẹ sì wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ lò láéláé ni ọṣẹ olómi tí kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ammonia wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń nu gíláàsì fèrèsé. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, àwọn sójà rí i pé karawun idẹ ọta ìbọn wọn ń sán fúnra rẹ̀ lásìkò òjò. Ilé ẹṣin ni wọ́n kó wọn pamọ́ sí, ammonia tí ó ń jáde látinú ìtọ̀ ẹṣin ni ó sì ń jẹ wọ́n.

Ní ti ìyá náà, mo rọ̀ yín kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe prana pratishtha fún àwọn ère náà, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń pe ẹ̀mí wọ inú ère. Lójú àwọn Híńdù, ère tí wọn kò tíì ṣe é fún jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́; èyí tí wọ́n bá ti ṣe é fún di àlejò pàtàkì nínú ilé, tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀ láṣọ, tí wọ́n sì ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe é, tí ẹ kò sì ní máa bọ ọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìsìn wọn tí ó wà ní Leicester níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó máa wà lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé e sí orí pẹpẹ tí ó mọ́, kí ó jìnnà sí bàtà àti ilé ìwẹ̀. Ní ti ohun pupa tí ó wà níwájú orí Ganesha, kumkum ni, àtíkè tí wọ́n fi ń júbà. Bí ẹ bá ń fi òwú nu ojú rẹ̀, ẹ yà fún un. Ìka ọwọ́ ìyá náà ni ó fi í síbẹ̀.