Wisikí kì í dàgbà nínú ìgò: ìdáhùn fún bàbá tó ní ìgò ṣíṣí 14 nílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáámù. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni mí ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ràn kí n máa kó wisikí jọ. Àwọn ọmọ mi náà máa ń fi ta mí lọ́rẹ. Ìgò 14 ló wà ní ṣíṣí nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi báyìí, ọtí inú àwọn mìíràn ò ju ìka méjì lọ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọlọ́dún 12 tí mo rà ní 2016. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń lọ òkè òkun sọ pé ó ti di ọlọ́dún 21 báyìí, pé kí n gbé e pamọ́ de ìgbéyàwó àbíkẹ́yìn mi. Ó tún ní kí n máa fẹ̀gbẹ́ àwọn ìgò náà lélẹ̀ bíi ti wáìnì, tàbí kí n dà wọ́n sínú ìgò kírísítà. Báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn, èwo ni kí n sì kọ́kọ́ mu tán?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú ilé. Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ ọtí, ẹ má gbọ́ tiẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀, torí àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ ọtí gbígbé fún oníbàárà pàápàá máa ń bi mí, àwọn kan sì ti ń fi tajà lórí WhatsApp. Wisikí ọlọ́dún 12 tí ẹ rà ní 2016, ọlọ́dún 12 ni títí di òní olónìí. Bí ẹ bá gbé e pamọ́ títí ọmọ-ọmọ yín yóò fi ṣègbéyàwó, ọlọ́dún 12 náà ni. Inú àgbá ni wisikí ti ń dàgbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti dà á sínú ìgò ni ọjọ́ orí rẹ̀ ti dúró.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọtí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ìkòkò ìpọntí máa ń mọ́ gaara ni. Ẹ ti rí ògógóró rí, bó ṣe rí náà nìyẹn. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ẹ ń rí, adùn tó ń ṣe bíi fanílà, bó ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, ara igi ló ti rí púpọ̀ nínú wọn. Igi óòkù ni wọ́n fi ń kan àgbá náà, wọ́n á sì fi iná yan inú rẹ̀ kó tó gba ọtí. Láti ọdún dé ọdún, bí ojú ọjọ́ bá gbóná, ọtí á wọnú igi lọ. Bó bá tutù, á tún padà jáde. Èédú ara àgbá á máa fa ohun tó ń ta èèyàn lọ́fun kúrò nínú rẹ̀, igi á máa fún un ní ìtọ́wò, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ara igi wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọtí náà gan-an á máa dín kù. Ní Scotland, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ló ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Òfin wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọtí kan ní Scotch tí kò bá lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá óòkù tí kò gbà ju lítà 700 lọ. Bourbon ti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀, àgbá tuntun tí iná ti jó inú rẹ̀ ni dandan.

Kí ló wà lára gíláàsì tó lè fún ọtí? Kò sí. Ẹja tí wọ́n bá ti gbé kúrò lórí iná, ẹnìkan kì í retí pé kó tún máa yan lọ nínú apẹ̀rẹ̀.

Iye ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò, ti ọtí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú ìgò yẹn ni. Bí wọ́n bá po ti ọdún 12 mọ́ ti ọdún 30, 12 ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ. Tí ọ̀rẹ́ yín bá ṣì ń jiyàn, ẹ sọ ti Macallan 1926 fún un. Ọdún 1926 ni wọ́n pọn ọtí yẹn, ó lo 60 ọdún nínú àgbá, wọ́n sì dà á sínú ìgò ní 1986. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n ta ìgò kan nínú rẹ̀ ní gbàǹjo Sotheby's ní London, owó tí wọ́n san lé ní mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn. Ọlọ́dún 60 ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ó ti lo ọdún 37 nínú ìgò nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbójú gbóyà pè é ní ọlọ́dún 97. Ọ̀wọ́n ló sọ ọ́ di olówó iyebíye, ìgò 40 péré ni wọ́n rí dà nínú àgbá yẹn. Torí náà, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìgò yín síwájú àwọn àna kí ẹ ní ọlọ́dún 21 ni. Ẹnìkan lè wà láàárín wọn tó mọ̀ ọ́n.

Macallan yẹn, èdídí rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Tiyín ti ṣí. Ìgò tó ti ṣí kì í dúró sójú kan, ṣe ló máa ń pàdánù.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ohun tó fúyẹ́ jù nínú ọtí, ìyẹn òórùn dídùn tó ń kọ́kọ́ lu yín nímú, ló ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ, agbára ọtí náà á sì máa tẹ̀ lé e. Èkejì, afẹ́fẹ́ tó wà lókè ọtí á máa bá ọtí jà, á máa yí ìtọ́wò rẹ̀ padà. Nígbà tí ọtí ṣì dé ọrùn ìgò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò ju ẹnu lásán lọ. Bó bá ku ìka méjì nínú ìgò 70cl, ẹ lè ní ọtí 10cl lábẹ́ afẹ́fẹ́ 60cl. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì ṣí i kí ẹ bu díẹ̀, afẹ́fẹ́ tuntun lẹ tún kó sínú rẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa ń fi kún un. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ inú ìgò á wú, á yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí, òórùn ọtí á bá a lọ; lóru tí ara ilẹ̀ bá tutù, á súnkì, á sì fa òmíràn wọlé.

Èyí ò sọ ọ́ di májèlé o. Kòkòrò ò lè gbé inú ọtí tí agbára rẹ̀ tó ìdá 40 nínú 100, nítorí náà kò ní kan. Ṣe ló máa ń rọ, tí á sì tẹ́ lẹ́nu. Wisikí tó ń rùn èéfín, irú èyí tó ń wá láti erékùṣù Islay, èéfín yẹn gan-an lẹ máa ṣàkíyèsí pé ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ fífẹ̀gbẹ́ ìgò lélẹ̀ ò gùn. Wáìnì ni wọ́n ń ṣe é fún. Wáìnì ò le, ó sì ń jẹ́ kí kọ́ọ̀kì, ìyẹn èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, máa rin. Wisikí le jù fún kọ́ọ̀kì, á jẹ ẹ́ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ọtí yín á sì máa rùn èèpo igi. Ìdúró ni kí ẹ máa gbé wọn sí. Tó bá pẹ́ tí ẹ ò ti ṣí ọ̀kan, ẹ dì í mú, ẹ dorí rẹ̀ kodò fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí kọ́ọ̀kì rin díẹ̀, ẹ sì dá a padà. Tí kọ́ọ̀kì bá já sínú ọrùn ìgò nígbà tí ẹ ń ṣí i, ẹ má bínú sí i. Ẹ yọ èyí tó bá ṣe é yọ, ẹ fi ìwé ìsẹ́ kọfí tàbí aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ọtí náà, ẹ wá mú kọ́ọ̀kì ìgò mìíràn tó ti tán fi dé e. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kì í fi í ju kọ́ọ̀kì tó bá dára nù.

Kírísítà ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ìgò kírísítà àtijọ́ tó wúwo, tó ń tàn yanran yẹn, òjé ló mú un tàn bẹ́ẹ̀, ọtí sì máa ń fa òjé náà jáde díẹ̀díẹ̀. Mi ò kì í ṣe dókítà, àmọ́ kò sí dókítà tí yóò sọ fún yín pé òjé dára lára, pàápàá fún aboyún àti ọmọdé. Ẹ lè fi gbé ọtí síwájú àlejò fún alẹ́ kan, kí ẹ sì da èyí tó bá ṣẹ́kù padà. Ìdérí rẹ̀ náà kì í sábà dé dáadáa.

Bí ẹ ó ṣe tọ́jú wọn nìyí. Ẹ gbé wọn síbi tó ṣókùnkùn, tó tutù jù nínú ilé, irú bí ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù ní yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Oòrùn máa ń ṣí àwọ̀ ọtí, ó sì ń ba ìtọ́wò rẹ̀ jẹ́. Torí náà tí páálí tí wọ́n fi gbé e wá bá ṣì wà, ẹ dá a padà sínú rẹ̀. Kì í ṣe orí fìríìjì, ibẹ̀ máa ń gbóná. Kì í ṣe ilé ìdáná, kì í sì í ṣe bùùtù mọ́tò. Inú fìríìjì ò pọn dandan. Tí ẹ bá gbé e síbẹ̀ tó sì ṣú, kò bàjẹ́, òtútù ló ṣe é.

Fún àwọn tó ti lọ sílẹ̀, ìgò kékeré ni oògùn rẹ̀. Tó bá ku 20cl, ẹ wá ìgò onígíláàsì 20cl, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kẹ́ ẹ wá da ọtí náà sínú rẹ̀ títí yóò fi dé ọrùn. Afẹ́fẹ́ ò ní ráàyè mọ́. Ẹ kọ orúkọ ọtí àti ọjọ́ tí ẹ dà á sára rẹ̀. Ẹ má lo oníke, ẹ má sì lo ìgò tí wọ́n ti fi ta oògùn ikọ́ tàbí agbo rí, ọmọ tàbí àlejò lè ṣì í mu. Fún ẹnu ìgò tí ẹ ò ní ṣí láìpẹ́, Parafilm dára. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan tó ń fà bíi rọ́bà ni, àwọn onílé àyẹ̀wò ń lò ó. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka ọwọ́, ẹ fà á títí yóò fi fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ wé e mọ́ ojú ibi tí ìdérí ti pàdé ìgò, á lẹ̀ mọ́ra rẹ̀. Sẹ́lótéèpù ò ṣe iṣẹ́ yìí. Gáàsì argon tí wọ́n ń fín sínú ìgò náà ń ṣiṣẹ́, torí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, á sì tẹ́ lórí ọtí, àmọ́ ó wọ́n, kò sì tọ́ fún ìgò tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò wáìnì, èmi ò fọwọ́ sí i fún wisikí. Bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ ló ń fa òórùn ọtí jáde.

Èwo lẹ ó kọ́kọ́ mu? Ẹ má wo iye owó rẹ̀, ibi tí ọtí dé nínú ìgò ni kí ẹ wò. Ẹ kó gbogbo 14 sórí tábìlì. Èyí tó ṣì wà léjìká ìgò, ẹ jẹ́ kó sinmi. Èyí tó ti dé ìdajì, ẹ fojú sí i pé ọdún kan ni tirẹ̀. Èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, oṣù mélòó kan ni, èyí tó ń rùn èéfín ni kó sì ṣíwájú. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe òfin, imú yín ni adájọ́. Ọlọ́dún 12 ti 2016 yẹn, ẹ da díẹ̀ sínú gíláàsì, ẹ kán omi sí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tí kò bá dáhùn, ẹ fún ẹni tó ń ṣe kéèkì Kérésìmesì yín kó fi rẹ èso gbígbẹ.

Ẹ má sì sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ jókòó ti ìgò 14. “Mu tán” tí mò ń wí, ẹ pe ọ̀rẹ́ ni. Tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, dókítà yín ni kí ẹ bi léèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí. Ká sòótọ́, ìgò ṣíṣí tó wà lọ́wọ́ yín pọ̀ ju ẹnu tó ń mu ún lọ. Ẹ má ṣí òmíràn títí méjì yóò fi tán. Tí Baileys bá sì wà láàárín wọn, ẹ yẹ ọjọ́ ara rẹ̀ wò lónìí. Wàrà wà nínú rẹ̀, ọdún 2 péré ni àwọn tó ń ṣe é fọwọ́ sọ̀yà fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, tí kò bá gbóná kọjá 25°C. Ooru ilé wa kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìgò òfìfo tí ẹ bá kó jáde, ẹ má fún onígò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ọtí ń wá ìgò olówó ńlá tí ìwé ara rẹ̀ ṣì mọ́, wọ́n á da ìdàkudà sínú rẹ̀, wọ́n á sì tà á. Methanol, ìyẹn oríṣi ọtí kan tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú irú rẹ̀, imú ò sì lè yà á sọ́tọ̀. Irú májèlé bẹ́ẹ̀ ló fọ́ àwọn èèyàn lójú, tó sì pa wọ́n ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015. Ẹni tó bá mu ọtí tí ojú rẹ̀ wá ń ṣú, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe omi àgbọn. Ẹ rẹ ìgò náà sínú omi, ẹ fi ọ̀bẹ ha ìwé ara rẹ̀ dànù, ẹ ya páálí rẹ̀, kí ẹ tó gbé e síta.