Ṣé Kí A Sọ̀ Kalẹ̀ Kí Aago 12 Tó Lù Nìkan Ti Tó? Yìnyín Orí Òkè Nígbà Ìrúwé

ÌBÉÈRÈ: Àwa mẹ́ta fẹ́ fi siki (pátákó gígùn tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi rìn àti láti fi yọ̀ lórí yìnyín) gun òkè kan nínú oṣù kẹrin, níbi tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Wọ́n ní tí a bá jáde ní kùtùkùtù, tí a sì sọ̀ kalẹ̀ kí aago 12 tó lù, yìnyín kò ní ya lù wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ kò tó. Aago kọ́ ló ń so yìnyín mọ́ ara òkè, òtútù òru ni. Tí òru ò bá ṣiṣẹ́ rẹ̀, kùtùkùtù gan-an léwu.

Lọ́sàn-án, òòrùn á yọ́ yìnyín, omi á wọ àárín hóró rẹ̀, àwọn hóró náà á sì tú lára wọn. Tó bá di òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ooru á gòkè lọ, omi á dì, á sì lẹ gbogbo wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bo òkè: ooru ò ríbi jáde. Afẹ́fẹ́ lè tutù ju 0 °C lọ, síbẹ̀ kí ojú yìnyín fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, kí abẹ́ rẹ̀ sì rin gbingbin. Bó bá wá jẹ́ pé òjò rọ̀ mọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tó dagun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ bọ́ siki, kí ẹ fi bàtà dúró lórí yìnyín. Bí bàtà kò bá fi àpá sílẹ̀, ó ṣì le. Bí èèpo bá fọ́, tí ẹsẹ̀ rì dé ọrùn ẹsẹ̀, àsìkò ti tó láti kúrò níbẹ̀, aago yòówù kó lù. Tó bá rì dé ojúgun, ẹ ti pẹ́ jù. Àmì mìíràn ni kí yìnyín máa yí bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àpáta, kó máa ká ara rẹ̀ bí táyà.

Ní ìdajì ayé ti àríwá, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ ń rọ̀, gúúsù tẹ̀lé e, ìwọ̀-oòrùn sì di ọ̀sán. Ọ̀nà àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: wọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀ láìséwu, wọ́n á wá gba abẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn kọjá ní aago 2. Ẹ̀gbẹ́ àríwá náà ní tiẹ̀. Yìnyín ìgbà òtútù ṣì wà níbẹ̀ ní ìpele ìpele, ọjọ́ tí omi bá sì kọ́kọ́ kan ìpele tí kò lágbára nísàlẹ̀, odidi pẹpẹ yìnyín lè já lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí òkè bá dagun ní dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti sábà máa ń ya. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ rántí pé ilẹ̀ tó tẹ́jú lábẹ́ ibi tó dagun kò yọ nínú ewu. Bí ẹ bá rí yìnyín tó sán gbàgà dé ilẹ̀ lórí koríko tàbí àpáta dídán, ẹ má sinmi lábẹ́ rẹ̀ rárá, nítorí ó lè já lóru bíi ti ọ̀sán. Etí yìnyín tí afẹ́fẹ́ kó jọ sórí góńgó òkè pẹ̀lú máa ń já jìnnà sẹ́yìn ju ibi téèyàn rò lọ.

Yìnyín tó rin kì í yára bíi ti gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó wúwo, tó bá sì ti dúró, á le bíi kọnkéré. Torí náà, ẹnì kan ni kó máa kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù máa wò ó láti ibi tí kò séwu.

Kí olúkúlùkù yín gbé ẹ̀rọ transceiver (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì ránṣẹ́, tó sì ń wá àmì ti ẹlòmíràn lábẹ́ yìnyín), ọ̀pá ìwádìí tí wọ́n ń gún bọ inú yìnyín àti ṣọ́bìrì onírin, kí ẹ sì dán ẹ̀rọ náà wò lára ara yín kí ẹ tó gbéra. Bí yìnyín bá bo ẹnì kan mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lẹ máa wá a, nítorí àwọn olùrànlọ́wọ́ kì í sábà tètè dé. Níbi tí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn, ìyẹn bí ẹni náà ṣe jìnnà tó, ti kéré jù, ẹ máa gún ọ̀pá ní sẹ̀ǹtímítà 25 síra. Tó bá kan èèyàn, ẹ má yọ ọ̀pá náà. Ẹ bọ́ sí apá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kí ẹ gbẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ láti ibẹ̀.