Ìwé-Ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì Fún Ọmọ Kékeré: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje. Ilé ìwé rẹ̀ ní ká wá sanwó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti Cambridge. Wọ́n ní bí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí náà, kò ní rí ilé ìwé girama tó dáa wọ̀, kò sì ní rí físà gbà lọ́jọ́ iwájú. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà yín yẹn kì í ṣe òótọ́. Common Entrance tí wọ́n fi ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kò béèrè fún un. Físà Child Student tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún ọmọ ọdún 4 sí 17 tó fẹ́ lọ kàwé lọ́dọ̀ wọn kò béèrè ìwé-ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọmọ rárá.

Àmọ́ ìdánwò náà kì í ṣe ohun burúkú. Ìpele mẹ́ta ló ní: Starters ni ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Movers ló tẹ̀ lé e, Flyers ló ga jù. Ìwé mẹ́ta ni ọmọ ń ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan: gbígbọ́, kíkà pẹ̀lú kíkọ, àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ti Starters, gbígbọ́ jẹ́ nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kíkà àti kíkọ ogún ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ sísọ ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Kò sí pé ọmọ fèlì. Àwòrán asà (‘shield’) ni wọ́n fi ń ṣe máàkì, ọ̀kan sí márùn-ún lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Nítorí náà, ilé ìwé tó bá ń fọ́nnu pé gbogbo ọmọ òun ló páàsì kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Asà mélòó ni wọ́n gbà, orí ìwé wo? Ìyẹn ni kí ẹ béèrè. Ọmọ tó gba márùn-ún nínú gbígbọ́ tó sì gba méjì nínú kíkà pẹ̀lú kíkọ ti fi ibi tí iṣẹ́ kù sí hàn yín, èrè tó wà nínú ìdánwò yìí fún ọmọ ọdún méje kò sì ju ìyẹn lọ. Wọn kò kọ ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa parí sára ìwé-ẹ̀rí náà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ sọ lọ́mọ ọdún méje kò lè jẹ́rìí fún un tó bá di mọ́kànlá.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ béèrè orúkọ ibùdó ìdánwò tí ilé ìwé ń bá ṣiṣẹ́. Ilé ìwé lè kọ́ ọmọ, àmọ́ ibùdó tí Cambridge fọwọ́ sí nìkan ló lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá ibùdó náà lórí ìkànnì Cambridge English, kí ẹ sì pè wọ́n fúnra yín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ọmọ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́: bó ṣe wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí ni kó wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìdánwò mìíràn tó ń jẹ́ Primary Checkpoint dà yín lójú rú, ti àwọn ilé ìwé tó ń lo ètò ẹ̀kọ́ Cambridge nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní ń mumi, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ìdánwò gbígbọ́ ti Starters dán an wò, kò gba tó ìdajì. Kí ló fà á? Bàbá kan, Ṣàgámù.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má nà án. Ẹ wo apá kejì ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ti mọ a, bí, dí, e, ẹ, fí, gí ti Yorùbá dáadáa máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Grace ṣe àpẹẹrẹ. G ti Gẹ̀ẹ́sì dún bíi ‘jí’, ọmọ á kọ j. R lẹ́nu òyìnbó dún bíi ‘aa’, á kọ a. A dún bíi ‘éè’, á kọ e. C dún bíi ‘sí’, á kọ s. E dún bíi ‘íì’, á kọ i. Ó ti di Jaesi. Lẹ́tà márààrún ni kò bọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà gbọ́ ohun gbogbo, ó sì kọ ohun tó gbọ́.

Ẹ gé páálí sí méje, kí ẹ kọ A, E, I, G, J, C àti R sí wọn lára. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀, kí ẹ máa pè wọ́n lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó máa mú un. Ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́ ti tó. Tí kò bá ṣì í mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ ará ilé: Jídé, Gàníyù, Ràṣídá.

Àwọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní apá kẹrin, nǹkan kan náà ló máa ń pọ̀ nínú àwòrán, bóyá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kí ọmọ kun èyí tó wà lábẹ́ àga ní ‘brown’. Epo inú ìgò, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ata rodo: pupa ni gbogbo wọn lẹ́nu wa. Gẹ̀ẹ́sì pín wọn sí ‘orange’, ‘brown’ àti ‘red’. Ẹ gbé e lọ sí kíṣìnì kí ẹ fi hàn án. Níbẹ̀ náà, ẹ ní kó gbé síbí sí abẹ́ abọ́, sí ẹ̀gbẹ́ agolo gààrí, sí àárín ìkòkò méjì. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ka ohun gbogbo fún wọn. Ẹ kọ́ ọ kó má fi pẹ́ńsù sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kínní.

Ìbéèrè: Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ-ọmọ mi ń gbé. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí n má bá a sọ Rẹ́mọ mọ́ títí tí yóò fi ṣe ìdánwò Movers. Gẹ̀ẹ́sì mi ò sì tó nǹkan. Ìyá àgbà kan, Ìkẹ́nnẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ̀yin ẹ máa sọ Rẹ́mọ yín, tọkàntọkàn la fi sọ ọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà praimari, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi olùkọ́ ọ̀tọ̀ kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ sì wà tí ẹ lè ṣe ju olùkọ́ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ Movers, wọ́n á fi àwòrán mẹ́rin tó tẹ̀ léra han ọmọ, wọ́n á sọ ti àkọ́kọ́, ọmọ á sọ ìyókù. Àlọ́ ni. Ẹ pa àlọ́ Ìjàpá fún un lálẹ́, kó sọ ọ́ padà fún yín. Lọ́jọ́ kejì, kó ya á sí mẹ́rin lórí pépà, kí ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé jẹ́ kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹni náà ṣọ́ ibi kan: ‘ó’ la ń pe ọkùnrin, ‘ó’ la ń pe obìnrin, ọmọ wa á sì pe Yáníbo ní ‘he’ láìmọ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, kí ó kàn fi ìka tọ́ka sí àwòrán Yáníbo, kí ọmọ tún un sọ.