Oṣù karùn-ún tí wọ́n ní ó máa ń rọrùn

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Oyún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 19, èébì ti dá, ikùn ò tíì yọ, ọlẹ̀ ò tíì sọ, ìyá ọkọ rẹ sì ní nígbà tòun, oṣù kẹrin lòun ti mọ̀ ọ́n lára. O wá ń bèèrè bóyá nǹkan ti bà jẹ́, àti kí ni kí o máa retí láti ìsinsìnyí lọ. Mo ti bí mẹ́ta. Aṣọ ni mò ń tà n'Íbàdàn, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ohun tójú mi rí ni màá sọ, pẹ̀lú ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì rọ̀ sí mi létí nígbà tí mo ṣe agídí tán.

Ká ti orí ọmọ tí kò tíì sọ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí o sùn. Nínú oyún àkọ́kọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti bímọ rí lè mọ̀ ọ́n láti ọ̀sẹ̀ 16, torí ó ti mọ bó ṣe ń rí. Èmi ò mọ ti àkọ́kọ́ àfi ìgbà tó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 20. Mo jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń wọn àǹkárá fún oníbàárà kan, ni nǹkan bá ṣe fìrì nísàlẹ̀ ìdodo mi, bí ìgbà tí ẹja kékeré bá fi ìrù lu omi inú igbá. Mo ní ẹ̀wà tí mo jẹ láàárọ̀ ni. Ó tún ṣe é. Bí mo ṣe gbàgbé iye ọ̀pá tí mo ti wọ̀n nìyẹn. Mo tún un kà, mo ṣì í kà, oníbàárà yẹn gba ọ̀pá kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ 17. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dẹ́rù bà mí. Èmi tí mo ti ń pe ara mi ní àgbà, ó di ọ̀sẹ̀ 22 kí n tó mọ ohunkóhun. Scan ló tú àṣírí: ibi ọmọ ló wà níwájú, láàárín ọmọ àti awọ ikùn mi, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n fi tìmùtìmù dí. Ọmọ ń jó nínú, èmi ni n ò gbọ́ ìlù. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 19 ò tíì tó ohun tí à ń sunkún sí. Àmọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ 24 tí o ò tíì mọ nǹkan kan, dìde lọ bá wọn, má dúró de ọjọ́ kílíníìkì.

Ẹ sì jọ jókòó ka oṣù yẹn dáadáa, ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ni kílíníìkì ti ń kà á. Àwọn ìyá wa, ìgbà tí wọn ò rí nǹkan oṣù mọ́ ni wọ́n ti ń kà á. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín ìkà méjèèjì, oṣù kẹrin tiwọn lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ 20 tìrẹ. Ẹ lè máa jiyàn lórí ohun kan náà o.

Ní ti ikùn tí kò yọ, oyún àkọ́kọ́ kì í tètè yọ, iṣan ikùn ṣì le. Ní bí ọ̀sẹ̀ 20, orí ilé ọmọ máa ń ga dé ìdodo. Láti ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì á ti máa fi téèpù wọ̀n ọ́ bí ẹni fẹ́ rán búbá fún ọ, iye sẹ̀ǹtímítà tó bá rí á sì máa sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀. Ìyẹn ni kí o gbà gbọ́, má gba ti aládùúgbò tó ní "ikùn ẹ mà kéré o."

Àwọn nǹkan kéékèèké tí yóò máa ṣẹlẹ̀ pọ̀. Bí o bá sáré dìde, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ikùn á fà ọ́ bí ẹni fi okùn já a. Ilé ọmọ tó ń dàgbà ló ń na ohun tó so ó ró. Fi ẹ̀gbẹ́ yí, kí o tó dìde. Ẹsẹ̀ á máa fà ọ́ lóru. Àyà á máa ta ọ́ tí o bá jẹ àjẹyó kí o tó sùn. Ìlà dúdú lè là láti ìdodo lọ sí ìsàlẹ̀, omi díẹ̀ lè yọ lórí ọmú. Wọn kì í ṣe àìsàn. Ọ̀rọ̀ ìyàrá tí o rọra fi àkámọ́ bèèrè yẹn náà, kò léwu, àfi tí dókítà bá ní kí ẹ má ṣe é tàbí tí o bá ń rí ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ jù nìyí: oṣù karùn-ún dùn, dídùn rẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Oyún àkọ́kọ́ ni. Èébì dá, oúnjẹ ń wọlé, ara mi ń dán. Iléyá ń bọ̀, ọjà ń yá. Mo ní ta ló fẹ́ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje àárọ̀ di ọ̀sán, kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ̀n mí bí àpò gàrí? Ọjọ́ kílíníìkì kan kọjá mi, èkejì kọjá mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kó fún mi ń rùn bí irin tó dógùn-ún, ó sì ń mú inú mi dì, ni mo bá ń kó o sínú ike ìpara kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ mi á ní, "Ṣé o ti lo oògùn?" Màá ní mo ti lò ó. Lọ́jọ́ tí ike yẹn ṣubú tó tú sílẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ju 60 lọ. Ọkọ mi ṣà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀. Ó sàn kó ti bú mi.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yìnyín. N ò sọ pé omi tútù o, yìnyín inú firísà gan-an, màá máa rún un bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ọmọ tó ń bá mi tajà a máa rẹ́rìn-ín pé ọmọ Òyìnbó ló wà nínú mi. Àtẹ̀gùn ilé wa ò ju 14 lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń dúró kí n tó gùn ún tán, àyà mi á máa lù kìkì. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní "oyún ni." Èmi náà ní oyún ni.

Ọ̀sẹ̀ 24 ni mo tó padà lọ, ibà ló sì gbé mi lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan fi àtàǹpàkò fa abẹ́ ojú mi wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó wò ó. "Ìyàwó, ṣé o máa ń jẹ yìnyín?" Ẹnu yà mí, mo ní ta ló sọ fún wọn. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, yìnyín a máa wù ú jẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ mi, jẹ́ 24. Kò yẹ kó wálẹ̀ ju 33 lọ. Kòkòrò ibà tún wà níbẹ̀ tó ń bá ọmọ jẹ ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù.

Bí obìnrin yẹn ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ó ní ní àárín oyún, omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ kíákíá ju ẹ̀jẹ̀ pupa fúnra rẹ̀ lọ, bí ọbẹ̀ tí a bomi là tí a ò sì fi ata kún. Oògùn yẹn ni ata. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n fa oògùn ẹ̀jẹ̀ sí mi lára láti inú iṣan, kò dé orí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí mi. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, ó ti gòkè dé 32. Ká ní mo gbé 24 yẹn dé orí ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára abiyamọ lọ́jọ́ náà kì í bèèrè iye tó o ní.

Nítorí náà, lo tìrẹ. Fi omi ọsàn gbé e mì, má fi tíì tàbí mílíìkì lé e, wọn ò ní jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Ìgbẹ́ rẹ á dúdú, má jáyà. Tó bá mú inú rẹ dì, jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, mu omi púpọ̀; tó bá ṣì ń dà ọ́ láàmú, ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ. Mọ́ọ̀tì pẹ̀lú mílíìkì tí gbogbo ẹbí máa gbé wá fún ọ pé "ó ń fún ni lẹ́jẹ̀", mu ún tó bá dùn mọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò lè dípò oògùn rẹ.

Oògùn ibà mẹ́ta tí wọ́n ń ní kí o gbé mì lójú wọn, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní Fansidar, má fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n ti ń fún ni, lẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kí o tó bímọ. Tí sulfa, èyí tó wà nínú oògùn ibà yìí, ò bá bá ọ lára mu, tàbí tí o bá ń lo Septrin lójoojúmọ́ (òun náà ní sulfa nínú), tètè sọ. Tí folic acid tí wọ́n fún ọ bá jẹ́ ti 5 mg, bi wọ́n léèrè, torí ìwọ̀n ńlá yẹn a máa dín agbára oògùn ibà náà kù. Oògùn ò sì ní kí o ká nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì o.

Scan tí o ò tíì ṣe, àsìkò rẹ̀ gan-an nìyí, ọ̀sẹ̀ 18 sí 22. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí akọ tàbí abo ni. Ọkàn ọmọ, egungun ẹ̀yìn, ọpọlọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, àti ibi tí ibi ọmọ fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tiwa, wọ́n bi ọkọ mi bóyá a fẹ́ mọ ohun tí a ó bí. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n kékeré yẹn.

Èyí tí n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé "oyún ni": orí fífọ́ tí kò lọ, kí ojú máa ṣe ọ́ wììwìì tàbí kí o máa rí ìràwọ̀, kí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, kí òkè ikùn lápá ọ̀tún máa dùn ọ́. Àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún nìwọ̀nyẹn lè jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ló máa ń yọjú, tí wọ́n bá sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ tó jẹ́ 140 lórí 90, ó ti tó ohun tí à ń sáré sí. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀, omi tó ń jò, ibà, tàbí ìtọ̀ tó ń ta ọ́. Òru ni o, ọ̀sán ni o, ọsibítù ni kí o gbà lọ.

Ní ti pín-ìnnì tí ìyá ọkọ rẹ ní kí o máa fi sára aṣọ, àti kí o má rìn lọ́sàn-án gangan, èmi fi pín-ìnnì tèmi sí i nínú oyún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì ń mú kí màmá sùn. Oòrùn ọ̀sán náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ aboyún lóòótọ́. Ìgbín tí wọ́n ní kí o má jẹ kí ọmọ má baà máa da itọ́, mo jẹ ẹ́, gbogbo ọmọ ayé ló ń da itọ́. Àgbo ni mo kọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ ṣeun, màámi," mo gbé e wọlé, mo dà á nù. Ìwọ mọ bí o ṣe máa ṣe tìrẹ.

Tí o bá dé kílíníìkì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé scan, kí o sì bèèrè iye tí PCV rẹ jẹ́, kí o rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì. Gbé omi àti ohun tí o máa jẹ dání, bẹ́ǹṣì yẹn ṣì gùn bó ṣe gùn nígbà tèmi.