Mo Fi Lẹ́tà Ránṣẹ́ Sí Ẹgbẹ́ Mẹ́rin, Kò Sẹ́ni Tó Dá Mi Lóhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwùjọ. Wọ́n ní ká lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aráàlú kan, ká bá wọn ṣiṣẹ́, ká sì kọ ohun tá a rí. Ògbómọ̀ṣọ́ nilé wa. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó pè mí. Ọ̀rẹ́ mi tó ti ríbì kan, omi àti búrẹ́dì ni wọ́n ń rán an ṣáá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, lẹ́tà rẹ kọ́ ló burú, ẹsẹ̀ ni kò tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ níbí ni kò ní ọ́fíìsì tí ẹnì kan jókòó sí tó ń ka lẹ́tà. Inú àpò akọ̀wé ni tìrẹ wà báyìí, ó ń dúró de ọjọ́ ìpàdé. Wádìí ọjọ́ náà, kó o lọ fúnra rẹ. Wá ẹni tí wọ́n mọ̀ tó máa mú ẹ wọlé: mọ́gàjí, ìyá àdúgbò, tàbí ìyálọ́jà tó bá jẹ́ ọjà Wazo lò ń lọ. Kúnlẹ̀, sọ agbo-ilé rẹ kó o tó dárúkọ yunifásítì. Fi Yorùbá ṣàlàyé lẹ́tà náà fún wọn: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iye ọjọ́ tí wàá máa wá, pé o ò gbowó, pé ìjọba kọ́ ló rán ẹ.

Má fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ní 1968 sí 1969, owó orí wà lára ohun tó bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà táwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà, Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára ibi tó ti le. Àwọn tó fojú rí i ṣì wà láàyè. Bí àjèjì bá yọ bírò, tó ní "Ẹ lọ́mọ mélòó? Èló lẹ̀ ń pa lóṣù?", ohùn agbowó-orí ni wọ́n ń gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo bójú tó lọ bá àwọn obìnrin tó ń ṣe láfún. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, fọ́ọ̀mù ló ń pín kiri. "A dúpẹ́" ni gbogbo ìdáhùn. Mo ní kó gbé fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kó mú ọ̀bẹ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Kí oòrùn tó mú, ó ti gbọ́ pé ẹni tó kàn láti kó èsúsú ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tọ́mọ rẹ̀ wà ní ọsibítù. Ó sì mọ ìdí tí ìyá kan fi ń dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá náà jẹ gbèsè àjọ oṣù méjì. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọn kàn ò sún fún un ni. Ẹgbẹ́ tí kò ní ọlọ́pàá, tí kò ní kóòtù, ọgbọ́n wo ló fi ń gba gbèsè? Ohun tí wọ́n rán ẹ lọ wò nìyẹn.

Ní ti rírán níṣẹ́, ọmọdé ni ẹ́ lójú wọn, wọ́n á rán ẹ. Ẹni tó ń bu omi ló ń mọ ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e fún. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tó ṣì jẹ́ búrẹ́dì nìkan, sọ fún akọ̀wé pé o lè bá a kọ ìwé ìpàdé, tàbí kó o bá wọn ṣírò ìwé owó alájẹṣẹ́kù. Bó bá kọ̀, tètè sọ fún olùkọ́ rẹ. Má dúró di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé ẹ dé ni kó o yàn. SIWES, ètò ìjọba tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́ lówó, bẹ̀rẹ̀ ní 1973, tìtorí àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ni; ẹ̀ka yín kì í sábà sí lára àwọn tó ń rí owó ibẹ̀ gbà, ó sì máa ń dùn mí, torí owó ọ̀kadà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe kékeré.

Lálaalẹ́, kọ ohun tó o rí sójú ewé kan, kó o kọ èrò tìrẹ sí ìkejì. Gbàṣẹ kó o tó gba ohùn ẹnikẹ́ni tàbí kó o ya fọ́tò. Pààrọ̀ orúkọ wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2023 dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn, àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò sófin, ìyá ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, tí mo bá dárúkọ àdúgbò rẹ̀ níbí, wọ́n á mọ̀ ọ́n.

Tó o bá ń lọ sípàdé, mú ẹ̀dà lẹ́tà náà dání. Akọ̀wé lè ti sọ tàkọ́kọ́ nù.